Ṣé aṣojú wa l'Étí-Ọ̀sà máa padà sí Abuja ní 2027?

Àbúrò wa kan kọ̀wé láti Badore, ọ̀nà Ajah, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. 2023 ni mo kọ́kọ́ dìbò láyé mi. Labour ni mo tẹ̀ látòkè délẹ̀, bí Thaddeus Attah tó ń ṣojú wa nílé aṣojú-ṣòfin ṣe wọlé nìyẹn. Ní báyìí, tí mo bá jókòó síbi tí àwọn àgbà àdúgbò wà, wọ́n á ní kò lè padà, wọ́n ní APC máa gba ìjókòó wọn padà wẹ́rẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, wọ́n ní Etí-Ọ̀sà ti yí padà pátápátá, kò lè padà sọ́wọ́ APC mọ́. Èwo ni kí n gbà? Ṣé kí n tún jáde lọ bá wọn ṣe kampéènì àbí kí n jókòó mi sílé?"

Àbúrò mi, o káre tó o béèrè, torí ariwo lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa, wọn kì í béèrè. Ìdáhùn mi ni pé ó lè padà, àmọ́ tó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ la fẹ́ ta lónìí, mi ò ní fi owó oúnjẹ ta á. Ẹni tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nírú àgbègbè tó ń yí bìrí bíi Etí-Ọ̀sà, ìjókòó yẹn ò tíì di tiẹ̀, wọ́n yá a ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yá a ò sì wo ojú ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yá a, ẹlòmíì ni wọ́n ń wò. Àwọn àgbà àdúgbò yín àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, àwọn méjèèjì ló gba apá kan mú nínú ọ̀rọ̀ náà. Jẹ́ kí n fi nọ́ńbà hàn ẹ́.

Lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì 2023, ìbò ààrẹ àti ti aṣòfin Abuja la jọ dì pọ̀. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, Peter Obi ti Labour gba 42,388, Tinubu ti APC gba 15,317, Atiku ti PDP gba 3,369. Ìyẹn ni tòkè. Wá wo tìsàlẹ̀, ti aṣojú-ṣòfin: Attah 24,075, Banky W, olórin tó gbé àmì PDP, 18,666, Babajide Obanikoro ti APC, tó jẹ́ òun ló wà lórí ìjókòó yẹn nígbà náà, 16,901.

Ibẹ̀ ni kó o jókòó tì dáadáa. Láàárín Obi àti Attah, ìbò 18,313 ló yọ́ lọ, ẹgbẹ́ kan náà, ọjọ́ kan náà, ojúlé kan náà. Kì í sì í ṣe pé àwọn èèyàn dìbò ààrẹ tán tí wọ́n sá lọ sílé o, torí tó o bá ro ti àwọn mẹ́ta tòkè pọ̀, 61,074 ni, ti àwọn mẹ́ta ìsàlẹ̀ jẹ́ 59,642, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìyẹn ni pé wọ́n dúró, wọ́n tẹ bébà yòókù, ọwọ́ wọn ló kàn yí padà. Ibi tó yí sí náà hàn gbangba. Atiku ò rí ju 3,369 lọ, Banky W tó wà lábẹ́ àmì kan náà rí 18,666. Ó lé ní 15,000 ìbò tó wá abùradà PDP kiri lórí bébà kan ṣoṣo, tí kò sí fún abùradà lórí bébà tòkè.

O lè ní kí ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ìwé ìbò wa kì í ní orúkọ èèyàn lórí. O ti débẹ̀, o mọ bó ṣe ń rí: BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi íńkì sí ẹ léèékánná, wọ́n á ka bébà mẹ́ta fún ẹ, o wọ ẹ̀yìn páálí tí wọ́n fi dí ojú ayé, o na bébà náà sílẹ̀, ẹgbẹ́ 18 ló tò síbẹ̀ lọ́dún yẹn, àmì àti lẹ́tà orúkọ ẹgbẹ́ lásán, kò sí Obi níbẹ̀, kò sí Tinubu, kò sí Attah. Ẹni tó fẹ́ Banky W gbọ́dọ̀ ti mọ̀ látilé pé inú abùradà ló wà. Ẹni tó sì tẹ bàbá, ìyá àti ọmọ tó jẹ́ àmì Labour látòkè délẹ̀, ó lè má mọ orúkọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀ lórí bébà ìkẹta, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ lóòótọ́, má bínú, ìwọ gan-an ń kọ́? Mi ò fi bú ẹ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbò Banky W, ìbò orúkọ ni. Ìbò Attah, ìbò àmì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìbò orúkọ máa ń tẹ̀lé èèyàn lọ síbi tó bá lọ, ti àmì kì í tẹ̀lé ẹnì kankan, àmì ló ń bá lọ.

Èyí ló fà á tí mo fi sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ń sáré jù. Òótọ́ ni pé Etí-Ọ̀sà ti yí padà, ẹni tó bá fojú 15,317 wo 42,388 ò lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ yíyí tó yí padà kúrò lọ́dọ̀ APC ò ní kó yí sọ́dọ̀ ọkùnrin kan pàtó. Nínú ìbò 10 tí àwọn mẹ́ta yẹn pín, bíi 4 ni Attah mú. Mẹ́fà tó kù kò fẹ́ ẹ, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ẹlòmíì jù ú lọ. Ó wọlé torí pé àwọn tí kì í ṣe tiẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì.

Àwọn àgbà àdúgbò yín wá ń kọ́? Àwọn náà gbàgbé pé ẹni tó ṣáájú Attah, ẹni tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ni. Obanikoro wọlé ní 2019, Banky W náà ló wà lára àwọn tó bá a dù ú lọ́dún yẹn, lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní MDP. Ọmọ Musiliu Obanikoro, sẹ́nétọ̀ tẹ́lẹ̀, mínísítà tẹ́lẹ̀, orúkọ tí ọmọdé Èkó mọ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní ìjọba ìpínlẹ̀, òun ló ní káńsù, òun náà ló ní Abuja. Síbẹ̀ ipò kẹta ló wà ní 2023. Àwọn kan á ní kò ṣiṣẹ́ ló ṣe já, ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò gbà, torí pé ìbò tiẹ̀ fi 1,584 ju ti Tinubu lọ nínú Etí-Ọ̀sà kan náà, Tinubu tó jẹ́ gọ́mìnà Èkó fún ọdún 8 tó sì di ààrẹ lọ́dún yẹn o. Ẹni tó bá ju ọ̀gá ẹ̀ lọ nílé ọ̀gá ẹ̀, kò já torí iṣẹ́. Atẹ́gùn 2023 ló gbé e. Atẹ́gùn yẹn ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé bọ́ọ̀hóòlù mélòó lo gbẹ́.

Tó o bá wá wo àwọn àgbègbè mìíràn l'Ékòó tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, wàá rí ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún Attah. Ní 2015, atẹ́gùn kan fẹ́ fún PDP láwọn ibi tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Rita Orji wọlé ní Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn, Tony Nwoolu wọlé ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kejì, Oghene Egoh wọlé ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Nílé aṣòfin ìpínlẹ̀, PDP mú ìjókòó 8 nínú 40, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rò. Nígbà tí 2019 dé, APC gba gbogbo 40 padà, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ajéròmí lọ, wọ́n fa ẹjọ́ ẹ̀ títí, Orji ò padà. Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kejì lọ sọ́wọ́ Ganiyu Johnson ti APC. Egoh nìkan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ló padà, ó ṣe sáà kejì. Ó dáa, 2023 wá dé, Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin ṣì kọ APC, àmọ́ kò kọ ọ́ fún PDP mọ́, Labour ni wọ́n tẹ̀, George Adegeye ló wọlé. Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kejì náà kúrò lọ́wọ́ Johnson, Okey-Joe Onuakalusi ti Labour gbà á.

Ṣé o rí i? Àmùwò ò tíì fẹ́ APC láti 2015, síbẹ̀ ó ti pààrọ̀ èèyàn àti ẹgbẹ́. Ìjókòó lè dúró sí apá kan kí ẹni tó wà lórí ẹ̀ má dúró. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dáhùn ìbéèrè "ṣé APC máa gbà á" bíi pé ìbéèrè kan náà ni pẹ̀lú "ṣé Attah máa padà". Ìbéèrè méjì ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àmì yẹn ni kókó. Tó bá jẹ́ ìbò àmì ló gbé e wọlé, àmì wo ló máa wà nídìí ẹ̀ lọ́jọ́ náà? Gbogbo wa la mọ bí Labour ṣe ja ara ẹ̀ lẹ́yìn ìbò, Abure lápá kan, àwọn tó kù lápá kejì, tí wọ́n gbé ara wọn dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù, tí ilé-ẹjọ́ náà sì fagi lé ìdájọ́ tó fi Abure sípò alága ní oṣù Kẹrin 2025, síbẹ̀ ìjà ò tán. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni wà lónìí nínú ìdáhùn yìí, torí kí èèyàn tó kọ̀wé tán, olóṣèlú ti fò láti ẹ̀ka kan sí òmíràn. Ohun tí mo mọ̀ ni ìṣirò ibẹ̀. Tí olùdíje ààrẹ tí àwọn ọ̀dọ́ Lẹ́kí àti Ajah ń tìtorí ẹ̀ tò láti àárọ̀ bá wà lórí bébà, tí àmì tiẹ̀ àti ti Attah sì jẹ́ ọ̀kan náà, Attah ti ní ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ lé. Tí àmì bá yàtọ̀, ó di dandan kó yí ìbò àmì padà sí ìbò orúkọ, kó jẹ́ pé màmá tó ń ta ẹja ní Langbasa máa tẹ ibì kan lórí bébà àkọ́kọ́, kó tún wá ibòmíràn lórí ìkẹta torí Attah. Banky W ṣe é ní 2023. Àmọ́ Banky W ti ń kọrin tipẹ́ kó tó ṣòṣèlú, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Fífò fúnra ẹ̀ náà ní ewu tiẹ̀. Ìwé òfin, abala 68, sọ pé aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ láìtíì parí sáà máa pàdánù ìjókòó, àyàfi tí ẹgbẹ́ náà bá ti pín tàbí tó bá ti dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ọmọ Àkúrẹ́ kan ti dán an wò rí, Ifedayo Abegunde, Labour ló gbé òun náà lọ Abuja ní 2011, ó bọ́ sí ACN, ó ní Labour ti pín l'Óǹdó. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní rárá ní oṣù Kìíní 2015, pé ìpín ìpínlẹ̀ kan ò tó, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpín tó dé òkè. Ìyẹn ò sì dá àwọn tó ń fò dúró o, torí pé ọwọ́ Spíkà ni kíkéde pé ìjókòó ti ṣófo wà, Spíkà wo ló máa lé ẹni tó ń fò bọ̀ nínú ẹgbẹ́ tiẹ̀? Àmọ́ fún ẹni tó ń ṣojú Etí-Ọ̀sà, kóòtù kọ́ ni wàhálà fífò sí ìgbálẹ̀ APC. Tó bá fò síbẹ̀, á bá ìlà gígùn lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ti ń jẹ́ APC láti ìgbà AD, ẹgbẹ́ tó ṣáájú ẹ̀, tí wọ́n ń dúró de tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ná owó ní 2023 tí wọ́n já. Àwọn tó sì dìbò fún un tẹ́lẹ̀ á ní ẹlẹ́nu méjì ni. Àwọn kan máa ń rò pé ọ̀nà àbùjá nìyẹn, lójú tèmi ọ̀nà tó nira jù ni nírú àgbègbè báyìí.

Praímárì, ìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje, náà wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Ọ̀pọ̀ aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà ni kì í dé ọjọ́ ìbò rárá, ilé ni wọ́n ti ń já, lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tàbí lọ́wọ́ ọ̀gá tó ní wọ́n ti fẹnu kò sí ẹlòmíì. Ilé aṣojú-ṣòfin tó wọlé ní 2023, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ ojú tuntun. Ní 2022, tíkẹ́ẹ̀tì Labour l'Ékòó, ta ló ń jà sí i? Ẹni tó bá fẹ́ ló ń gbà á. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì alátakò lè gbé èèyàn dé Abuja láti Etí-Ọ̀sà, àwọn olówó tó fojú tín-ín-rín ẹ̀ nígbà yẹn máa dé, ilé ni ogun àkọ́kọ́ Attah sì wà.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa àwọn tó ń dìbò gan-an, torí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ Etí-Ọ̀sà bíi pé Ìkòyí nìkan ni. Àwọn tó ní ilé onígéètì gíga ní Ìkòyí àti Victoria Island kì í sábà tò, àwọn tó ń tò níbẹ̀ ni dírẹ́bà, olùṣọ́ géètì, àwọn tó ń dáná fún wọn, àwọn ará Ọbáléńdé. Lápá Lẹ́kí, àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti báńkì. Àmọ́ wọ Ìlàsàn, wọ Jakande, wọ Ìkọtà, wàá bá ọmọ àwọn tí ìjọba ológun lé kúrò ní Màrókò ní oṣù Keje 1990, nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n ní wọ́n lé kúrò níbẹ̀, àwọn tó rí ibi gbé lára wọn ló kó síbẹ̀. Wọ Badore tiyín, Langbasa, Ìkàtẹ́, àwọn ìdílé onílẹ̀, àwọn ọba, àwọn baálẹ̀, ibẹ̀ ni APC fìdí múlẹ̀ sí, ìbò 16,901 yẹn ò sì ní tètè kúrò níbẹ̀ bó ti wù kí atẹ́gùn fẹ́ tó, torí ìbò ìdílé àti ìbò àjọṣe ni.

Apá tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dúró ni apá tó gbé Labour wọlé. Ayálégbé ni wọ́n. Owó ilé tó wà ní Lẹ́kí láti 2023 ò kéré, ẹni tó dìbò ní Chevron lọ́jọ́ yẹn ti lè kó lọ Awóyáyà, Awóyáyà sì ti bọ́ sínú Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, àgbègbè mìíràn nìyẹn, tí kò bá gbé orúkọ ẹ̀ padà wá, ìbò ẹ̀ ti lọ. Ká má tíì sọ ti jápa. Àwọn tó wà ní Manchester àti Houston tí wọ́n ń bú olóṣèlú lórí fóònù lálaalẹ́, òfin ò tíì gbà kí wọ́n dìbò láti ibẹ̀. Àwọn tuntun náà ń wọlé o, mi ò sọ pé àgbègbè náà ń ṣófo, ohun tí mò ń sọ ni pé kò dájú pé àwọn 24,075 yẹn ṣì wà níbi tó fi wọ́n sí.

Àti pé ní Èkó, ìbò tó ń jáde ò pọ̀. Orúkọ 7,060,195 ló wà nínú ìwé ní 2023, 1,347,152 ni wọ́n fi BVAS yẹ̀ wò lọ́jọ́ ìbò ààrẹ. Ó kéré sí ẹyọ kan nínú márùn-ún. Nírú ibi báyìí, kì í ṣe ẹni tó yí ọkàn padà ló ń pinnu, ẹni tó jáde nílé ni. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré: lọ́jọ́ ìbò ààrẹ, Labour gba 582,454 ní gbogbo Èkó, APC gba 572,606. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ìbò gọ́mìnà, Sanwo-Olu gba 762,134, Rhodes-Vivour ti Labour gba 312,329. APC fi 189,528 pọ̀ sí i, Labour pàdánù 270,125. Àwọn kan bẹ̀rù, torí wọ́n lu èèyàn níbi ìdìbò lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ olùdìbò, ìtìjú ńlá ni fún Èkó. Ó sì rẹ àwọn kan lẹ́yìn tí ìbò ààrẹ ò lọ bí wọ́n ṣe fẹ́. Fún Attah, oore ló jẹ́ pé ìbò tiẹ̀ àti ti ààrẹ máa ń bọ́ sọ́jọ́ kan náà. Ká ní ọjọ́ gọ́mìnà ni wọ́n fi dì í ní 2023 ni, bóyá là bá máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí.

APC náà ò sùn. Lọ́jọ́ 12 oṣù Keje 2025, ìbò ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n kó ṣíámánì gbogbo 57 tó wà l'Ékòó. Mẹ́rin nínú wọn wà nínú àgbègbè yín: Etí-Ọ̀sà fúnra ẹ̀, Etí-Ọ̀sà East, Ìkòyí-Ọbáléńdé, Iru-Victoria Island. Ṣíámánì mẹ́rin, pẹ̀lú káńsẹ́lọ̀ wọn, tí wọ́n mọ olórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ìyálọ́jà, onímọ́tò, tí wọ́n lè wá ẹni jókòó ní yúnìtì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹgbẹ́ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi kà á tán. Wọn ò nílò kí gbogbo èèyàn fẹ́ràn wọn. Tí wọ́n bá fi 8,000 kún ti 2023, wọ́n ti kọjá ohun tó gbé Attah wọlé.

Iṣẹ́ tí Attah ń ṣe ní Abuja ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lo rò pé mo máa gùn lé, àmọ́ kò gùn. Owó iṣẹ́ àgbègbè wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí gbogbo aṣòfin ń pín, aṣòfin á dárúkọ iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ìjọba á gbé e fún kọńtírátọ̀, ibẹ̀ ni sólà ojú títì àti ẹ̀rọ ìránṣọ tó ò ń rí máa ń ti wá. Wọ́n dáa, àmọ́ gbogbo aṣòfin ló ń ṣe é, ìbò tó sì ń bá a bọ̀ kéré. Gọ́tà tó ń kún ní Lẹ́kí tí ojò bá rọ̀, iṣẹ́ káńsù àti ìpínlẹ̀ ni, síbẹ̀ Attah ni wọ́n á bi léèrè. Ohun kan tí mo rò pé ó lè sọ ọ́ di orúkọ ni ọ̀rọ̀ títì etíkun Èkó sí Calabar, torí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, àgbègbè tiẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n wó ilé ìtajà etíkun Landmark ní 2024, àwọn ará Òkun-Ajah náà pariwo pé wọ́n yí ojú ọ̀nà wọ ilẹ̀ àwọn. Onílẹ̀ tó ti ń dìbò APC láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn dùn. Tí aṣojú alátakò kan bá dúró tì wọ́n dáadáa lórí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú, ilé tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ò lè wọ̀ tẹ́lẹ̀ á ṣí sílẹ̀ fún un. Lọ bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá ó dúró tì wọ́n, má bi mí.

Ìyẹn ló gbé mi dé apá kejì ìbéèrè ẹ, pé ṣé kó o jáde. Má tíì gba T-shirt ẹnikẹ́ni. INEC gbé àbájáde aṣojú-ṣòfin ti yúnìtì kọ̀ọ̀kan sórí IReV, ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tí INEC ń kó àbájáde sí, ní 2023 (ti ààrẹ ló fa gbogbo àríyànjiyàn yẹn), wá ti yúnìtì tìẹ àti ti àwọn mẹ́rin tó yí i ká, kọ ohun tí Obi gbà sí apá kan, kọ ohun tí Attah gbà sí apá kejì. Ibi tí àlàfo bá ti pọ̀, tí Banky W sì mú un, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn tó lè gbé Attah padà tàbí kí wọ́n sọ ọ́ nù wà. Àwọn yẹn ò fẹ́ ìgbálẹ̀, wọn ò sì mọ Attah. Tí o bá wá bá òun tàbí àwọn èèyàn ẹ̀ pàdé, bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n débẹ̀ kẹ́yìn àti orúkọ ẹni tó dúró fún wọn níbẹ̀. Tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, tí àmì tí wọ́n gbé sì jẹ́ èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń lé lọ́dún náà, tí àwọn alátakò ò sì gbé olókìkí mìíràn dìde láti pín in, mo lè sún un dé ìdajì sí ìdajì. Tí ẹyọ kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta yẹn, APC ni mo máa fi sókè, pẹ̀lú nǹkan bí 25,000 ìbò péré. Tí wọ́n bá sì sọ fún ẹ pé ká ṣáà máa dúró de Obi, àbúrò mi, lọ ṣe èjẹ́ǹtì yúnìtì ẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá wù ẹ́, kó o sì rí i pé o ya fọ́tò ìwé àbájáde kó o tó lọ sílé.